Ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú pápá kí ẹ tó wá pápá

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 63, Mọ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Dókítà ní kí n máa rìn dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gba òkè mọ́. Etí títì náà ti sú mi nítorí ọ̀kadà àti eruku. Orí koríko ni mo fẹ́ máa rìn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. N kò ní mọ́tò. Ibo ni bọ́ọ̀sì lè gbé mi dé?"

Màmá wa, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ yín nínú: ọ̀dàn gidi, ìyẹn ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ jìnnà síra, kò sí ní Ifẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa. Òjò tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,400 mìlímítà, ilẹ̀ tí a bá sì fi sílẹ̀ láìro, igbó ni yóò padà dà. Ẹ wo ilẹ̀ tí wọ́n ti rà tí wọn kò tíì kọ́ ilé sí ní àdúgbò yín. Lọ́dún àkọ́kọ́, koríko ni. Kí ó tó pẹ́, ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, ti gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín ewé yẹn, ẹsẹ̀ kò sì ráàyè kọjá mọ́. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí koríko tó tẹ́ rẹrẹ ní agbègbè wa, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ló ń dá igbó dúró níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko ilé-ìwé, ó lè jẹ́ darandaran, ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń tiná bọ oko.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí ni pé kí ó wá ẹni tó ń tọ́jú pápá kí ó tó wá pápá. Tí ẹ bá ti mọ ẹni náà, ẹ ó mọ ọ̀nà, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ ó kí kí ẹ tó wọlé, ẹ ó sì rí bọ́ọ̀sì, torí ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni mọ́tò ń lọ lójoojúmọ́.

Ìṣòro kejì wà nínú "tẹ́jú" tí ẹ sọ. Bí ẹni wà nínú àwo ni Ifẹ̀ wà. Àwọn òkè ló yí i ká, Òkè Ọrà tí ìtàn sọ pé Odùduwà sọ̀ sí wà lára wọn, gbogbo omi tó bá sì ṣàn wá láti orí òkè, ibi tó tẹ́jú ni yóò lọ jókòó sí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ́dọ̀ wa, àkùrọ̀ ló sáábà máa ń jẹ́. Ibi tó gbẹ táútáú tí ẹ fẹ́ràn ní oṣù kejìlá, ẹ lè padà síbẹ̀ ní oṣù keje kí omi dé ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ kò lè yan ibi láìyan oṣù mọ́ ọn. Oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá dára: òjò ti ká, ilẹ̀ ti le, ọyẹ́ kò sì tíì sọ gbogbo nǹkan di eruku. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹrin. Àkọ́rọ̀ òjò ti pa eruku, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kò ga ju kókósẹ̀ lọ, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, ibi tí wọ́n ti ń gé koríko déédéé nìkan ni kí ẹ máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka koríko. Àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ mi, n kò sì mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tó wúlò tó o fún ẹni tó ń rìn nínú pápá. Tí ẹ bá rí eèsún, èyí tí igi rẹ̀ nípọn bí ìrèké, tó lè ga tó èèyàn méjì, omi wà nítòsí, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ má wọ inú rẹ̀. Etí ewé rẹ̀ ń ya ara, ojú yín kò sì ní ríran ju nína ọwọ́ lọ. Tí ẹ bá rí ẹ̀kan, èyí tí orí rẹ̀ máa ń funfun bí òwú nígbà tó bá yọ, ilẹ̀ yẹn ti jóná rí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Iná kì í pa ẹ̀kan torí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Iná a pa àwọn yòókù, òun a tún yọ. Ilẹ̀ ẹ̀kan máa ń gbẹ, ó sì dára láti rìn, ṣùgbọ́n ẹnu èéhù rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó lè gún bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́lẹ́. Ẹ má wọ sílípáàsì débẹ̀ láé. Patanmọ́ tó tẹ́ sílẹ̀, tó ń pa ewé dé bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kàn án, ń sọ fún yín pé oòrùn ń dé ibẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ sì ń gbà á, àmọ́ ẹ̀gún rẹ̀ a máa fa aṣọ.

Koríko kúkúrú tí màlúù ti jẹ tàbí tí ẹ̀rọ ti gé ló dára jù fún yín. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti le, ẹ ó sì rí ihò òkété kí ẹsẹ̀ tó bọ́ sínú rẹ̀. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ihò òkété burú ju òkè lọ. Òkè, ẹ ti rí i láti ọ̀nà jíjìn, ẹ sì lè ṣẹ́rí padà. Ihò, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí i. Láti inú bọ́ọ̀sì pàápàá, lékeléke lè júwe ibi tó dára fún yín. Wọ́n ń tẹ̀lé màlúù torí pátákò màlúù ń lé tata àti kòkòrò jáde nínú koríko. Ibi tí ẹ bá ti rí wọn tí wọ́n pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ibẹ̀ ti kúrú. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èékánná funfun la máa ń tọrọ lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí, ọ̀nà ni mo ń bi wọ́n.

Ó yá, ibi tí ẹ ó lọ. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jìnnà sí yín. Láti 1967 tí yunifásítì náà ti kó láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀, wọ́n ti ń dá igbó dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ wọn lé ní 11,000 hẹ́kítà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti oko, ṣùgbọ́n àárín ọgbà náà yàtọ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì tó ṣètò ibẹ̀, kò kó àwọn ilé jọ mọ́ra. Ó fi ààyè gbalasa sílẹ̀ láàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gé koríko ààyè yẹn láti ìgbà náà títí di òní. Atẹ́gùn àti koríko tí ẹ kọ̀wé béèrè, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè.

Láti Mọ̀rẹ̀, ẹ wọ mọ́tò dé Lágéré, kí ẹ wá wọ kọ̀ròpé tó ń lọ sí Campus. Ẹ mú ṣénjì yín lọ́wọ́, torí ní àárọ̀ kùtùkùtù, owó ńlá lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín àti awakọ̀. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé géètì ni ẹ ó ti sọ̀. Láti géètì, ẹ máa rìn lórí koríko ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ń pè ní Road 1, ẹ máa lọ síhà àárín ọgbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ga lójijì. Ibi tó bá ga, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń ga, orúnkún a sì ráàyè mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún yín ni pé bọ́ọ̀sì kì í jìnnà sí yín rárá. Bí ó bá rẹ̀ yín ní agbede méjì, ẹ bọ́ sí etí títì, ẹ nawọ́, kọ̀ròpé á dúró. Tí ẹ bá lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Odùduwà, ẹ ó bá gbalasa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Motion Ground. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ tó wọ mọ́tò padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí orí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ogún ọdún ni.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ ti rìn tó, pápá bọ́ọ̀lù lè bá yín wọ̀n ọ́n. Pápá tó bá gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní mítà 68, tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, mítà 346 ni. Tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti lé díẹ̀ ní kìlómítà kan. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lórí pápá tí kò bá sí eré níbẹ̀, kí ẹ tó máa ronú ọ̀nà jíjìn. Lórí koríko, ẹni tó ń rìn kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan ti ń ṣe dáadáa, kí ẹ má sì fi ìrìn orí títì ṣe òdiwọ̀n rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa ọgbà yìí: nígbà ìsinmi tàbí nígbà ìyanṣẹ́lódì, kọ̀ròpé á dín kù gidigidi. Ẹ béèrè ní Lágéré kí ẹ tó wọlé. Oko ẹ̀kọ́ àti ìwádìí tí wọ́n ní ní ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ ibi iṣẹ́ ni, àṣẹ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Bákan náà ni ìsédò Ọ̀pà tí ọgbà náà ti ń rí omi lò. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, ọkàn a sì balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì sún mọ́ etí omi.

Nígbà tí Campus bá ti mọ́ yín lára, ẹ lè gbìyànjú àwọn ìlú ojú ọ̀nà Ìbàdàn: Ìpetumodù, Ẹdúnàbọ̀n, Mọ́rọ̀, Yakọ́yọ̀. Mọ́tò wọn kò wọ́n. Ẹni tó ń tọ́jú pápá níbẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé. Ní ọjọ́ Sátidé, ilé-ìwé kì í sí, pápá á sì dá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ olùkọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ jù mí lọ.

Ẹnìkan lè sọ Iléṣà fún yín. Ẹ má lọ. Omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà rẹwà, ìpele méje ni ó sì ní, ṣùgbọ́n gígùn ni wọ́n ń gùn ún, òkúta rẹ̀ a sì máa yọ̀. Pápá tí ẹ bá sì rí ní ìhà Ìtàgúnmodi, àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́ kòtò káàkiri ibẹ̀, koríko a sì bo ẹnu kòtò mìíràn. N kì í mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀.

Ó ku ohun mẹ́rin tó lè dẹ́rù bani, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n dá yín dúró. Àkọ́kọ́ ni ejò. Ọ̀pọ̀ ejò á yà fún yín bí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í yà, ó máa ń dúró sójú kan ni, tí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ rìn níbi tí ẹ ti ń rí ilẹ̀, kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀ níwájú. Tí ó bá ṣán èèyàn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà máa rìn. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kọjá, ilé ìwòsàn ni.

Èkejì ni àrá. Lórí pápá tó tẹ́jú, ẹ̀yin ni ẹ ga jù. Bí òjò bá ti ń ṣú ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ kúrò lórí pápá kí ẹ tó gbọ́ ìró kejì, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Inú mọ́tò tàbí inú ilé ni ààbò wà.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ Ifẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Tí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sójú ọ̀nà, ẹ ṣẹ́rí padà, ẹ má béèrè ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá rí ààlè lára igi tàbí lára èso, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nítorí pé obìnrin ni yín, ẹ máa béèrè nílé kí ẹ tó jáde bóyá Orò wà lọ́jọ́ náà, ní ìlú yín àti ní ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ̀kẹrin ni eégbọn, níbi tí màlúù bá ti ń jẹko. Kí ẹ tó sùn lálẹ́, ẹ fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí bàtà yín dáadáa.

Tí ẹ bá kọjá oko, ẹ kí olóko: "Ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o." Mo ti rí i pé ẹni tó bá kí àgbẹ̀ kì í ṣìnà. Àgbẹ̀ náà á dá iṣẹ́ dúró, á sọ ibi tí omi wà, ibi tí wọ́n ti dẹ pàkúté òyà, ibi tí wọ́n fẹ́ tiná bọ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló kù, mo sì ní ìdí láti tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún kan, mo kó èèyàn mẹ́rin lọ rìn ní abúlé kan. Awakọ̀ tó gbé wa lọ búra pé aago mẹ́rin ni òun yóò padà wá gbé wa. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí i. Kìlómítà mẹ́sàn-án la rìn lórí títì lóru, ọ̀kan nínú wa sì wọ sálúbàtà tó ti já. Ìtìjú yẹn ṣì ń dùn mí, torí èmi ni mo ṣáájú wọn, èmi ni ó sì yẹ kí n ti béèrè. Láti ọjọ́ náà, kí n tó kúrò ní ibi tí mo ti sọ̀, mo máa ń bi ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà pé aago mélòó ni mọ́tò ìkẹyìn máa ń kọjá. Ẹni náà ni mo máa ń bi, n kì í bi awakọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti rí mọ́tò ìkẹyìn ju ẹnikẹ́ni lọ. Tí ó bá ní aago mẹ́fà, aago mẹ́rin ni tèmi.

Mo fi èyí ṣáájú torí mo fẹ́ kí ẹ rí ọ̀dàn kan lójú ara yín, bó pẹ́ bó yá, kí ẹ má kàn mọ koríko ilé-ìwé nìkan. Ẹ lọ sí Ẹ̀jìgbò. Tí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n tààrà, kò ju nǹkan bí 55 kìlómítà lọ sí Ifẹ̀. Mọ́tò lọ sí Ẹdẹ, òmíràn láti Ẹdẹ lọ sí Ẹ̀jìgbò. Ẹ má sùn nínú mọ́tò o. Ẹ máa wo fèrèsé. Bí ẹ bá ti kúrò ní Ifẹ̀, kòkó àti obì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òkùnkùn sì wà lábẹ́ wọn. Bí ẹ bá ti ń lọ, àwọn igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, ojú ọ̀run á fẹ̀ sí i, koríko á sì gba ilẹ̀ láàárín wọn. Ẹ ó máa rí igi irú àti igi tí wọ́n ti ń rí òrí láàárín oko, torí àgbẹ̀ kì í gé wọn. Àdá àti iná àwọn àgbẹ̀ láti ayébáyé ló sọ púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn di ọ̀dàn, òjò ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó tiwa láti tètè dá igbó padà.

Ọgbà ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ẹ̀jìgbò. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè, nítorí ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ ojú ọ̀nà oko tó gbẹ tó sì ní ààbò. Ẹ má dá lọ. Kí ẹ jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì rìn lójú ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko, kìlómítà kan ní àlọ, kan ní àbọ̀, kí ẹ ti parí kí oòrùn tó le ní aago mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé kí ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí ẹ bá ní ẹbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan níbẹ̀. Olùkọ́ kì í ṣàìní. Nínú ìlú, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá gbọ́ Faransé, ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò ló ti gbé ní Àbíjàn.

Tí ẹ bá fẹ́ sá fún oòrùn nínú mọ́tò, tí ẹ bá kúrò ní Ẹdẹ ní àárọ̀, apá òsì ni kí ẹ jókòó sí. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, apá òsì náà ni.